Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Yín Lọ́wọ́?

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí akápò ka ìnáwó oṣù jáde, ẹnì kan dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ra láàpútọ́ọ̀pù tuntun, a ò bá yín jà. Èwo wá ni ti fláàṣì méjì tí ẹ tún kọ síwèé? Ẹ̀rọ tuntun tí kò tíì ṣàìsàn, ẹ ti ń ra oògùn fún un?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn létí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ra fláàṣì yẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí olóòtú ìwé yìí fún mi láàyè díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Láàpútọ́ọ̀pù kankan kò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láìjẹ́ pé a ti ṣe díìsìkì ìgbàpadà rẹ̀, pé a ti fi díìsìkì náà tan ẹ̀rọ ọ̀hún wò, àti pé a mọ ẹni tó ń pa á mọ́. Ẹgbẹ́ ni kó ni ín. Kì í ṣe akọ̀wé, kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ mọ ìtàn yìí, àwọn tuntun ni ò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2023, a ra láàpútọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Akọ̀wé wa nígbà náà, ọmọ dáadáa, òun ló tú u kúrò nínú páálí, òun ló sì fi í-meèlì tirẹ̀ ṣí i, nítorí ẹgbẹ́ ò ní í-meèlì. Kò sẹ́ni tó rí àléébù níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ rí ìwé ìrìnnà gbà, ó di Kánádà. A súre fún un, ó fa ẹ̀rọ àti páásíwọ̀ọ̀dù lé akọ̀wé tuntun lọ́wọ́, a rò pé ó tán síbẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ṣe ìpàdé ọdọọdún. Ẹ̀rọ ń gba àtúnṣe tí Windows fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, bátìrì rẹ̀ ò sì kún. Nígbà tí iná dé, a tẹ bọ́tìnì. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ń múra láti tún ara òun ṣe, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ń yí po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Inú rẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́, owó yíyá àti onídùúró gbogbo wa wà. Ìwé lẹ́jà ńkọ́? A ti pa á tì láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. A ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà.

A pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Ó mú àwo díìsìkì tó ń dán wá. Láàpútọ́ọ̀pù tuntun ò ní ibi tí wọ́n ń ti àwo bọ̀. Ó padà lọ mú fláàṣì rẹ̀ wá, èyí tó fi ń tún ti gbogbo àdúgbò ṣe. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Oníṣẹ́ wa bá wọnú ètò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, ó pa ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Secure Boot. Ó ní ó ti bùṣe. Kò bùṣe o! Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ gbé ojú búlúù jáde, tó ní kí a tẹ nọ́ńbà 48 kí òun tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tó wà nínú òun. Nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta! A ń wo ara wa lójú.

Nọ́ńbà yẹn kò sọnù. Ó wà nínú àkáǹtì akọ̀wé tó ti lọ, níbi tí Windows fúnra rẹ̀ fi pa mọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ. Òun pàápàá ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. A pè é, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà.

Ẹ wá wo ohun tó ń lọ níta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ọjà kan. “Wọ́n ti jẹ owó. Ẹ̀rọ kì í ṣàdédé kú nígbà tí ìpín èrè bá kù sí dẹ̀dẹ̀.” Àwọn tí wọ́n bá mi jẹun lánàá ò fẹ́ kí mi mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá alátà kan láàárín wa. Ìyá yìí ti san gbèsè rẹ̀ tán, ó sì fẹ́ yá òmíràn kó lè bá wọn kó ọjà ní ọjọ́ Ẹtì. Akápò mọ̀ pé ó ti san. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó lè fi hàn, ìwé owó ọwọ́ ìyá náà ò sì pé, torí àwa náà la ní kí wọ́n má wulẹ̀ mú un wá mọ́. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé a kì í yá ènìyàn lówó lórí “mo mọ̀ ọ́n.” Ìyá bá lọ bá àwọn ṣogúndogójì. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí ọmọ ẹgbẹ́ má baà dé ọ̀dọ̀ ṣogúndogójì, ẹgbẹ́ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ tì í lọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò akọ̀wé wa àtijọ́ bá wa wá a kàn. Ó ṣí àkáǹtì rẹ̀, ó rí nọ́ńbà náà, ó ń kà á fún wa lórí fóònù ní mẹ́fà-mẹ́fà, ìdì mẹ́jọ. Ẹ̀rọ gbà. A lọ ṣe fláàṣì tó péye lórí kọ̀ǹpútà aládùúgbò wa, a fi tan láàpútọ́ọ̀pù, ó tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe. Gbogbo ìwé pé, kọ́bọ̀ kan ò dín. Ṣùgbọ́n a ti sún ìpàdé ọdọọdún síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá alátà ti jẹ gbèsè èlé, “wọ́n ti jẹ owó” sì ti jáde lẹ́nu. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe oògùn àìsàn la rà?

OHUN MẸ́TA NI, Ẹ MÁ PA WỌ́N PỌ̀

Kọ̀ǹpútà dà bí ìsọ̀ tí ẹni tó ń ṣí i ń sùn sínú rẹ̀. Láràárọ̀, ẹni náà á jí, á ṣílẹ̀kùn fún wa láti inú. Bó bá dákú, ilẹ̀kùn ò ní ṣí, bí ọjà tilẹ̀ pé nínú ìsọ̀. Díìsìkì ìgbàpadà ni ẹnì kejì tó wà níta, tó lè wọlé kó sì jí tinú.

Láyé àtijọ́, àwo ni. Lónìí, fláàṣì ni, torí púpọ̀ nínú láàpútọ́ọ̀pù tuntun ò ní ibi àwo mọ́. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí Windows fúnra rẹ̀ ń ṣe: ẹ wá “Recovery Drive” lórí ẹ̀rọ, ẹ ki fláàṣì 16GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ̀ lé ohun tó bá wí. Ẹ̀rọ tí a ti ṣe é ni a ṣe é fún. Ẹ má ṣe gbé ti láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ wá kí ẹ ní òun ni ẹ ó fi tún tuntun tò. Èkejì ni fláàṣì ìfisílẹ̀ Windows, tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Microsoft. 8GB tó fún un, ó sì ń bá oríṣiríṣi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ìdí tí a fi kọ fláàṣì méjì síwèé nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló máa ń nu ohunkóhun tó bá wà lórí fláàṣì tẹ́lẹ̀, nítorí náà, ẹ má lo èyí tí àwòrán ìgbéyàwó ọmọ yín wà lórí rẹ̀.

Ohun kejì ni nọ́ńbà 48 yẹn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà BitLocker. Púpọ̀ nínú láàpútọ́ọ̀pù Windows 11 ló ń ti ohun inú wọn pa fúnra wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft ṣí wọn, wọn kì í sì í fi ariwo ṣe é. Ó dára bẹ́ẹ̀: bí olè bá gbé e, olè ò ní rí ìwé ẹgbẹ́ kà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni àkáǹtì bá lọ, tó bá kú, tàbí tó bá bá ẹgbẹ́ jà, àwa náà ti di olè lẹ́nu ọ̀nà ara wa.

Ohun kẹta ni ẹ̀dà ìwé owó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Díìsìkì ìgbàpadà kì í tọ́jú lẹ́jà wa. Ẹ̀rọ ló ń gbà padà, kì í ṣe ohun tí a kọ sínú rẹ̀. Kódà, bí ẹni tí kò mọ̀ bá yan èyí tó ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa nù. Ẹ̀dà ìwé owó gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

BÍ A ṢE Ń FI TAN Ẹ̀RỌ

Ẹ má rò pé iṣẹ́ awo ni. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ iná, ẹ pa á pátápátá, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì ìtanná, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì ìyàn léraléra kí Windows tó yọjú. Lórí Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, F12 ni. Lórí HP, ẹ tẹ Esc, lẹ́yìn náà F9. Lórí ọ̀pọ̀ Asus, Esc ni. Ẹ̀rọ á kọ orúkọ ohun tó lè fi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ yan fláàṣì. Bí Windows bá ṣì ń ṣí, ó tún rọrùn: ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ Restart, ẹ yan “Use a device.”

Bó bá ti ṣí, ẹ kọ́kọ́ yan “Startup Repair,” ìyẹn àtúnṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sáré yan èyí tó ń nu nǹkan. Bí àtúnṣe ò bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ da ìwé ẹgbẹ́ sórí díìsìkì mìíràn kó tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ sì sọ fún oníṣẹ́ yín kó má ṣe pa Secure Boot. Ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í bá fláàṣì tí a ṣe láti ọwọ́ Microsoft jà, torí ó mọ àmì rẹ̀. Bó bá kọ fláàṣì kan, kí a kọ́kọ́ bi fláàṣì léèrè ibi tó ti wá, kí a tó máa lu ẹ̀ṣọ́. Pípa tí wọ́n pa á ní 2023 ló jẹ́ kí ẹ̀rọ wa fura, tó fi béèrè nọ́ńbà 48.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Ẹni tó bá rò pé àìmọ̀kan àwa ará ọjà ló fa èyí, kó rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ aláàbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, CrowdStrike, fi àtúnṣe tó ní àṣìṣe ránṣẹ́. Microsoft ṣírò pé ẹ̀rọ Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 ló dákú káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfurufú ò gbéra, ilé ìwòsàn àti báńkì dààmú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ènìyàn ló ní láti dé ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Microsoft pàápàá gbé irinṣẹ́ kan jáde tí ènìyàn lè fi sórí fláàṣì kó fi tan ẹ̀rọ tó dákú. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà ní títì, nọ́ńbà 48 kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wá kiri. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́.

Ó sì tún kù. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó wọ́pọ̀ fún Windows 10. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ra ẹ̀rọ tuntun, tí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan sì ń fi í-meèlì ara rẹ̀ ṣí i, gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ṣe. Ìsinsìnyí ló yẹ kí a sọ ọ́.

ÈSÌ SÍ ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ

Àwọn kan ní, “Ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé lẹ́jà, ká gbé ẹ̀rọ tà.” Mi ò bú wọn. Ìwé lẹ́jà kì í béèrè nọ́ńbà 48. Ṣùgbọ́n ikán ń jẹ ìwé, òjò ń pa á, iná ń jó o, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ kejì. Kọ̀ǹpútà ò ṣẹ̀ wá. Àṣìṣe tiwa ni pé a ju ìwé nù kí a tó mọ ẹ̀rọ. Èrò tèmi ni pé kí ìwé owó ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ máa bá a lọ, kí a máa kọ ọ́ lóṣooṣù, kí ẹ̀rọ náà sì máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá dákú, èkejì á jẹ́rìí.

Àwọn mìíràn ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa bá wa pa á mọ́. Kí ló dé? Ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sọ́dọ̀ bíríkìlà tó kọ́ ọ? Oníṣẹ́ a máa kó kúrò ládùúgbò, a máa bínú, a sì máa kú bí ti gbogbo èèyàn.

Àwọn kẹta, àwọn tó ń fura, ní ẹni tó bá mú fláàṣì lè jí ìwé wa. Ìbéèrè gidi nìyí. Èsì rẹ̀ ni pé fláàṣì nìkan ò lè ṣí ohun tó wà ní títì; ó ń béèrè nọ́ńbà. Nítorí náà, kí ọwọ́ tó mú fláàṣì má ṣe jẹ́ ọwọ́ tó mú nọ́ńbà. Ṣé tuntun ni èyí? Láti ìgbà àwọn bàbá wa ni àpótí owó ẹgbẹ́ ti ń ní kọ́kọ́rọ́ ju ẹyọ kan lọ, tí kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

ÀBÁ MI

Mo fẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ fọwọ́ sí nǹkan márùn-ún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ní í-meèlì àti àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹ̀rọ kankan má ṣe ṣí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Èkejì, kí a ṣe fláàṣì méjèèjì lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá wọlé, kí a sì tún wọn ṣe lọ́dọọdún. Ìkẹta, kí akápò tọ́jú fláàṣì sínú àpótí owó, kí alága sì tọ́jú nọ́ńbà 48 sínú àpòòwé tí ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí ìdè rẹ̀, nínú ilé tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a máa da ẹ̀dà ìwé owó sórí díìsìkì mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí díìsìkì náà má sì ṣe sùn nínú ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ìkarùn-ún, kí akọ̀wé tó bá ń fi ipò sílẹ̀ fi fláàṣì tan ẹ̀rọ lójú ìgbìmọ̀ kí a tó súre fún un.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Díìsìkì tí a ò dán wò rí, ìrètí lásán ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìṣòro, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ara dá la ń dán an wò.

Ní 1844, nígbà tí àwọn èèyàn Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìsọ̀ wọn, ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, àwọn ni wọ́n sì ń dìbò lórí ohun tí wọn ó ṣe. Lórí ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwa náà dúró. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ní ohun tí a ò lè ṣí? Bí ìwé owó àwa ọmọ ẹgbẹ́ bá wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Kánádà, tiwa kọ́ ni mọ́, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó.

Sí ọ̀rẹ́ mi tó béèrè ìbéèrè ní ìpàdé, mo dúpẹ́. Bí o ò bá béèrè, n kì bá má kọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, jọ̀wọ́ tètè dé. A ó gbé láàpútọ́ọ̀pù tuntun sórí tábìlì, a ó ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ìwọ gan-an lo máa tẹ F12, kí gbogbo ilé rí i. Ìyá alátà náà á wà níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kó jókòó níwájú.

Ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ire o.